Ẹjọ́ Orúkọ Jókòó-Pẹ̀sẹ̀

Àbígbẹ̀yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá yín kò fi ojú rẹ rí màbo, ṣé yàrá tí o háyà ṣì ń jò lápá ibi tí o gbé bẹ́ẹ̀dì sí, àbí onílé ti rántí pé nǹkan kan wà tí wọ́n ń fi òrùlé ṣe? Èmi bàbá rẹ wà láàyè, mo sì ń jẹun. Mo mọ̀ pé inú rẹ á dùn láti gbọ́ ọ, torí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ni o ń rò tọ̀sán-tòru ní gbogbo ìgbà tí o kò fi pè yẹn. Mo bẹ Ọlọ́run kí ó fún ọ ní ọ̀gá tó gbọ́ èdè, kí ó má jẹ́ kí iná lọ nígbà tí o bá wà nínú àpótí irin tó ń gbé yín lọ sókè ọ́fíìsì, kí ó sì jẹ́ kí ọ̀nà ilé máa rántí rẹ, níwọ̀n ìgbà tí ìwọ kò rántí òun.

Màmá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí n kọ ọ́ pé orúnkún ṣì ń dun òun gan-an. Kò dùn ún mọ́, ṣùgbọ́n ìpara tí o fi ránṣẹ́ yẹn ń ta sánsán, ó sì ti ń fi í pa ọwọ́ àti ọrùn. Télọ̀ Gíláàsì-Kan, ọ̀rẹ́ mi tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi, náà ń kí ọ, ó ní gíláàsì kejì awò ojú òun kò tíì dé, pé èyí tó wà ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò mú lẹ́tà yìí wá. Tí ó bá ní òun kò tíì jẹun láti àárọ̀, irọ́ ni, ojú mi ló ṣe jẹun.

Ó yá, ká wá sọ ọ̀rọ̀ tó gbé mi jókòó. Mo mọ̀ pé o mọ apá kan nínú rẹ̀, o sì rò pé o mọ gbogbo rẹ̀, torí ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọ́fíìsì tó ń tọ́jú orúkọ íńtánẹ́ẹ̀tì fún odindi orílẹ̀-èdè, kí lẹ ò mọ̀? Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí láti ìhín, níbi tí igi tí ẹ ń pín orúkọ rẹ̀ ti ń wó lu ènìyàn.

Mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, mo ń fi sáńpépà ra ẹsẹ̀ àga, nígbà tí nọ́ọ̀sì kan wọlé. Kò kí mi. Nọ́ọ̀sì tí kò bá kí ènìyàn, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ó ní ṣé èmi ni Jókòó-Pẹ̀sẹ̀. Mo ní èmi ni, láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú tó sì pọ̀. Ó ní ó dáa, kí n bá òun jáde. Níta ni mo ti rí bẹ́ẹ̀dì kan lórí ọmọlanke, ó ti dá sí méjì lágbedeméjì bíi búrẹ́dì. Ó ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni òun ti rà á, lójú òpó Jókòó-Pẹ̀sẹ̀, pé fọ́tò mi gan-an wà níbẹ̀, mo di òòlù mú, mo ń rẹ́rìn-ín. Fọ́tò yẹn, ìwọ lo yà á nígbà tí o ṣí ojú òpó náà fún mi, o ní kí n rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí owó. Nọ́ọ̀sì ní òun dé láti ibi iṣẹ́, òun fara lé bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀ ni òun ti jí. Ó wá wò mí, ó fi ohùn tí gbogbo àdúgbò gbọ́ béèrè pé, "Bàbá, ẹ̀rín tí ẹ ń rín nínú fọ́tò yẹn, ṣé èmi lẹ fi ń rẹ́rìn-ín?"

Mo fi èékánná họ ojú ibi tó ti kán. Kì í ṣe igi. Ìyẹ̀fun igi ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò pọ̀, wọ́n wá lẹ bébà aláwọ̀ igi mọ́ ọn lára kí ojú má baà tì í. Mo ní bẹ́ẹ̀dì yìí kì í ṣe tèmi. Ó na fóònù sí mi, ó ní kí n ka orúkọ tó wà níbẹ̀. Mo kà á. Wọ́n ti bọ́ gbogbo àmì orí rẹ̀ kúrò bí ìgbà tí wọ́n bá tu adìẹ níyẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ mi ni. Kí ni ènìyàn fẹ́ sọ? Mo gbé òkú bẹ́ẹ̀dì wọlé, mo fi igi gidi kan òmíràn fún un láìgba kọ́bọ̀, torí pé orúkọ mi ló fara lé, òun ló sì dà á sílẹ̀.

Ìgbà náà ni mo pè ọ́. O tẹ kọ̀ǹpútà rẹ, ó ń dún kẹrẹkẹrẹ, o mí kanlẹ̀ bí dókítà, o ní mi ò san owó ọdún. Mo ní owó ọdún wo. O ní orúkọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ènìyàn kì í rà á, ó ń háyà rẹ̀ ni, ọdọọdún ni wọ́n ń san án. Mo ní èmi sọ ẹ̀yin ọmọ mi lórúkọ, ẹnikẹ́ni kò padà wá gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi lọ́dún kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lójú ẹni tí ì bá máa jẹ́ "Ìwọ Yìí" nínú yín títí dòní. O ò rẹ́rìn-ín. O ní wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lóríṣiríṣi.

Òótọ́ ni, wọ́n fi ránṣẹ́, wọn kò jẹ́ kí n sinmi. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún mi pé àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ti ní kí n san owó kíákíá kí nǹkan mi má baà lọ, olè ni, kí n má dá a lóhùn? Ìwọ ni. O sọ ọ́ lójú màmá rẹ, o tún mú kí n máa sọ ọ́ tẹ̀lé ọ bí ọmọ jélé-ó-sinmi. Nítorí náà, èyí àkọ́kọ́ dé, mo ní olè. Èkejì dé pé àsìkò ń lọ, mo ní olè tí kò ní sùúrù. Èyí tó dé kẹ́yìn ní àwọn ṣàánú mi, àwọn fi ọjọ́ díẹ̀ kún un fún mi, mo ní ẹ wá wo olè tó láàánú, mo pe Télọ̀, a jọ bú u. Èmi fúnra mi wá dá a lóhùn pé kí ó lọ wá iṣẹ́ ṣe bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo kí ọ kú oríire, ọmọ mi. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni bàbá rẹ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu tó báyìí.

O wá sọ ẹni tó gbé e fún mi. Pẹ́ńsù-Létí ni. O rántí rẹ̀, ọmọṣẹ́ mi àtijọ́ tí pẹ́ńsù kì í kúrò ní etí rẹ̀ bó tilẹ̀ ń wẹ̀. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù ńlá báyìí lẹ́bàá títì, onílẹ̀kùn gíláàsì, tí ènìyàn ń rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀ kó tó rí àga. O ní ó ti ń ṣọ́ ọjọ́ tí orúkọ wa máa bọ́, bó ṣe bọ́ báyìí ló gbé e, ó sì kó fọ́tò ẹ̀rín mi padà sínú rẹ̀.

Mo ní kò burú, ta ni ọba ibẹ̀, kí n lọ fẹjọ́ sùn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí dùn. O ní kò sí ọba. O ní ẹgbẹ́ kan ló wà nílẹ̀ òkèèrè, tí kì í ṣe ìjọba, tí kì í sì í ṣe ilé ìtajà, òun ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ tí gbogbo ìparí orúkọ inú ayé, ìyẹn èyí tó ń tẹ̀lé dọ́ọ̀tì, wà nínú rẹ̀. Pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìparí tirẹ̀, wọ́n á fi í sí ọwọ́ alágbàtọ́, ọ́fíìsì yín sì ni alágbàtọ́ tiwa. Pé ẹ̀yin náà kì í fi ọwọ́ ara yín tà á, alágbàtà ló ń bá yín tà á fún irú èmi. Mo ní ọlọ́pàá wọn ńkọ́. O ní wọn kò ní. Mo ní ọgbà ẹ̀wọ̀n wọn ńkọ́. O ní rárá. Mo ní kí ló wá ń mú gbogbo ayé gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. O ní nítorí pé bí oníkálukú bá lọ ń ṣe àkọsílẹ̀ tirẹ̀, orúkọ kan á máa darí ènìyàn sí ilé méjì, kò sì ní sí ẹni tó máa rí ẹnìkejì rẹ̀ mọ́. Mo lọ sọ fún Télọ̀. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nu ẹyọ kan tó wà níbẹ̀, ó ní ṣé èmi ń sọ pé odindi ayé kàn gbà fún ara wọn ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni o, wọ́n tún ń san owó oṣù fún ọmọ mi lé e lórí.

Ti nọ́ńbà ló tún wá da orí mi rú. O ní orúkọ wulẹ̀ jẹ́ aṣọ lásán, pé lábẹ́ aṣọ, nọ́ńbà ni àdírẹ́sì gidi, pé àwọn ẹgbẹ́ márùn-ún ló pín ayé mọ́ra wọn lọ́wọ́, tí kálukú ń bu nọ́ńbà fún àwọn tó wà lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní ó dáa. Ó tún ṣe díẹ̀, o ní nọ́ńbà ti tán. Ọmọ mi, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti dúró, n kò sì parí rẹ̀, ṣùgbọ́n tíṣà wa ìgbà náà, pẹ̀lú gbogbo ọtí tó ń mu, kò sọ fún wa rí pé nọ́ńbà ń tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà á lórí ibùsùn bóyá màá kan ibi tó parí sí, màmá rẹ ní bí n kò bá dákẹ́, òun á lọ sùn ní pálọ̀. O wá ṣàlàyé pé àwọn nọ́ńbà kúkúrú ló tán, pé wọ́n ti ṣe àwọn gígùn tí kò ní tán láéláé, ṣùgbọ́n pé àwọn ènìyàn kò fẹ́ kó kúrò nínú ti àtijọ́. Ìyẹn yé mi yékéyéké. Ẹ wọn igi kúrú, ẹ gé e, ẹ wá ń wo ara yín lójú. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìpàdé yẹn ni n kò tíì dárí rẹ̀ jì ọ́.

O ní ẹgbẹ́ yẹn máa ń pàdé láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ní òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá, pé ẹnikẹ́ni ló lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìbáà ṣe mínísítà, ìbáà ṣe ẹni tó ń ta ìṣó, pé ènìyàn tilẹ̀ lè sọ̀rọ̀ láti orí fóònù nílé rẹ̀. O ní kí n má retí nǹkan, pé wọn kì í dá ẹjọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Mo ní kí o ṣáà so mí mọ́ wọn, kí ìwọ sì máa túmọ̀. Télọ̀ lọ aṣọ mi, mo dé fìlà, mo jókòó síwájú fóònù bí ẹni tó fẹ́ gba ìyàwó. Ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. O ní ohun tó ń sọ ni pé ṣé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún gbólóhùn kan, àbí kí wọ́n yọ ọ́. Ó sọ ọ́ títí tí tíì mi fi tutù. Obìnrin kan dìde, ó ní òun fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òun kò gbà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní ìgbà wo ni wọ́n máa dìbò. O ní wọn kì í sábà dìbò, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lọ títí tí yóò fi rẹ ẹni tí kò gbà. Mo ní a mọ irú rẹ̀, èmi àti màmá rẹ náà bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbà tó kàn mí, wọ́n ní ìṣẹ́jú méjì ni mo ní. Ìṣẹ́jú méjì, fún ẹni tó fẹ́ fẹjọ́ sun gbogbo ayé. Mo bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ kí ọmọlúàbí bẹ̀rẹ̀. Mo kí wọn kú ìpàdé, mo kí wọn kú ìjókòó, mo kí àwọn tó wọ bàlúù wá kú ewu ọ̀nà, mo béèrè ìyàwó, mo béèrè ọkọ, mo béèrè àwọn ọmọ, mo gbàdúrà pé ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ kò ní jó kí wọ́n tó dé. Mo wá dákẹ́ kí o lè túmọ̀. O sọ ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan, o dákẹ́. Mo ní ṣé gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. O ní, "Bàbá, mo ti ní ẹ kí wọn." Mo ní kí o padà lọ kó ìyókù, ká má sọ pé ilé tí wọn kò ti kọ́ ènìyàn ní ìkíni ni mo ti jáde. Ibi tí a ti ń fa ìyẹn ni agogo ti dún pé àsìkò mi tán. N kò tíì dárúkọ bẹ́ẹ̀dì. Alága wọn dúpẹ́, ó ní inú òun dùn sí àdúrà náà, pé wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tú àkọsílẹ̀ gbogbo ayé wò lónìí, yóò rí i níbẹ̀ pé bàbá kan kí wọn.

Bí mo ṣe ń bọ́ fìlà ni o ní ọ̀nà kan ṣì wà. O ní àwọn adájọ́ kan wà tí wọn kì í rí ojú olùpẹjọ́, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ka ẹjọ́. Wọ́n á wò ó bóyá orúkọ náà jọ tèmi, bóyá ẹni tó gbé e ní ẹ̀tọ́ sí i, bóyá inú burúkú ló fi gbé e. Mo ní n kò mọ bí wọ́n ṣe máa rí inú Pẹ́ńsù-Létí láti orí kọ̀ǹpútà, èmi tó gbé lọ́dọ̀ mi tí n kò rí i. O wá dárúkọ owó tí wọ́n ń gbà. Mo kí ọ pé ó dàárọ̀, mo gbé fóònù kalẹ̀, mo wá bàtà mi.

Pẹ́ńsù-Létí fi ọ̀yàyà gbà mí. Ó fa àga sílẹ̀ fún mi nínú ọjà rẹ̀, mo wo àga náà, mo ní màá dúró. Mo ní orúkọ mi dà. Kò janpata. Ó ní, "Ọ̀gá, ní sọ́mìlì, kí lẹ kọ́ wa?"

Ìwọ kò mọ̀ ọ́n torí o kì í tẹ̀lé mi débẹ̀, eruku igi ń mú ọ sín. Ní sọ́mìlì tí gbogbo àwa káfíńtà ti ń ra igi, bí o bá ti yan pákó tí o kò tíì lè kó o, wàá fi ṣọ́ọ̀kì kọ àmì rẹ sí i lára. Bí òjò bá wẹ ṣọ́ọ̀kì náà, ìwọ ni kí o wá tún un kọ. Bí o kò bá wá, pákó ti bọ́ nìyẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa gbé e, kò sí ẹjọ́. Èmi ni mo gbé òfin yẹn kalẹ̀ nígbà tí mo jẹ́ olórí wọn, nígbà tí ìjà pákó fẹ́ẹ̀ yọ ojú ènìyàn. Pẹ́ńsù-Létí wá ní òjò rọ̀, èmi kò wá tún un kọ. Inú bí mi, inú mi sì tún dùn, torí ní gbogbo ìgbà tí ọmọkùnrin yẹn fi wà lábẹ́ mi, n kò mọ̀ pé ó ń gbọ́ nǹkan kan.

Mo ní òótọ́ ló sọ. Mo ní bí ó bá wá gbé pákó náà, àmì ta ni ó yẹ kó kọ sí i? Ó fa pẹ́ńsù etí rẹ̀ yọ, ó ń wò ó. Mo ní òun ni mò ń bá wí. Ó ní àmì ara òun ni. Mo ní, "Ìwọ gbé pákó mi, o tún fi ọwọ́ ara rẹ kọ àmì mi sí i, o wá lẹ ojú mi mọ́ ọn. Kì í ṣe pákó lo gbé mọ́, èmi lo gbé." Ó ní kí n má bínú, pé ọ̀rọ̀ ọjà ni, àwọn oníbàárà ti mọ Jókòó-Pẹ̀sẹ̀, pé ta ló mọ Pẹ́ńsù-Létí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Mo ní kò burú, ó ti yé mi. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa, ẹ̀rín yẹn ló yẹ kó sá fún.

Nígbà yẹn, àwọn tó ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń wá mi kiri, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀ lórí. Mo gba gbogbo rẹ̀. Tábìlì tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, àpótí aṣọ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń kí ènìyàn kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àga tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti sá lọ. A fi ọmọlanke kó wọn, èmi àti Télọ̀, a tò wọ́n síwájú ilẹ̀kùn gíláàsì yẹn létí títì, bí ìgbà tí wọ́n bá to aláìsàn. A wá gbé àpótí ìjókòó tiwa kalẹ̀ láàárín wọn, a jókòó. Bí oníbàárà bá ti yọ, màá dìde, màá kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, màá ní kí ó káàbọ̀ sí Jókòó-Pẹ̀sẹ̀, pé èmi ni mò ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò yẹn. Màá mú un yí ká, màá ṣe àlàyé, màá sì bẹ̀ ẹ́ kí ó má fara ti nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì yẹn náà yà bó ṣe ń lọ ibi iṣẹ́. Ó rìn láàárín wọn bí ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù, ó fọwọ́ kan èyí, ó gbọn ọ̀hún, ó dé ìdí tábìlì, ó mi orí, ó ní eléyìí ti kú kí wọ́n tó gbé e dé.

Pẹ́ńsù-Létí jáde, ó ní òun máa pe ọlọ́pàá. Mo ní kí ó pè wọ́n kíákíá, kí ó sọ fún wọn pé Jókòó-Pẹ̀sẹ̀ wá jókòó síwájú Jókòó-Pẹ̀sẹ̀, pé kí wọ́n mú ọ̀kan nínú wa, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wù wọ́n níbẹ̀ pé èwo ni kí wọ́n mú. Ó padà wọlé. A tún lọ lọ́jọ́ kejì. Télọ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá, ó ní atẹ́gùn ń fẹ́ dáadáa níbẹ̀.

Nígbà tó pẹ́, Pẹ́ńsù-Létí jáde wá jókòó tì wá, lórí àpótí Télọ̀ o, kì í ṣe lórí ọjà ara rẹ̀. Ó ní òun kò tà mọ́. Ó ní àwọn oníbàárà fẹ́ ohun tó dára, wọ́n fẹ́ kó pọ́ọ́kú, pé igi gidi ti wọ́n, kí ni kí òun ṣe. Mo ní mo gbọ́. Mo béèrè irú bẹ́ẹ̀dì tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn lé. Ó wo ilẹ̀. Èyí tí mo kàn fún un lọ́jọ́ tó kọ́ṣẹ́ parí ni. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn gíláàsì. Ó wá ní, "Ọ̀gá, ẹ wọlé wá gba orúkọ yín."

Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó dé ibì kan, ó ní wọ́n ń béèrè ẹni tí yóò jẹ́ olóhun. Mo la ẹnu láti dárúkọ ara mi, mo tún pa á dé. Àbígbẹ̀yìn mi, n kò sọ èyí fún màmá rẹ. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Bí mo bá fi ayùn lé ojú ìlà, ọ̀tún ló ń yà sí, mo wá ń sọ fún oníbàárà pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní nìyẹn. Ọdún kan sì ń bọ̀ tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọn máa dé tí n kò ní sí nílé láti bú u. Ẹ̀gbọ́n rẹ onímọ́tò kò mọ orí ìṣó yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Mo ní kí Pẹ́ńsù-Létí kọ orúkọ rẹ. Ó wò mí, ó kọ ọ́. Mo ní kí ó fi nọ́ńbà fóònù rẹ sí i. Mo ní kí ó yọ fọ́tò mi kúrò, kí ó fi tìrẹ tó wà nínú fóònù mi síbẹ̀, èyí tí o ti kéré, tí o di ìjókòó kékeré kan mọ́ra, tí o ń sunkún pé àwọn kan fẹ́ rà á lọ.

Nítorí náà, ìwọ ni Jókòó-Pẹ̀sẹ̀ báyìí. Wọ́n ní àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa wọlé sórí fóònù rẹ, pé kí o fọwọ́ sí i kíákíá, pé bí o bá fi í falẹ̀, orúkọ náà yóò padà sọ́dọ̀ Pẹ́ńsù-Létí. Mo mọ̀ pé o mọ ohun tí a ń ṣe sí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Fọwọ́ sí i. Bí àwọn oníbàárà bá pè, kọ́kọ́ kí wọn, kí wọn dáadáa, má kí wọn bí o ṣe kí ayé fún mi lọ́jọ́ ìpàdé. Nọ́ọ̀sì ti ní òun fẹ́ àga mẹ́rin, mo ní kí ó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Pẹ́ńsù-Létí náà ní bí o bá gbà, òun á máa mú iṣẹ́ tó bá fẹ́ igi gidi wá fún wa, òun á sì kọ orúkọ ara òun sára ìyókù. Ìwọ ni kí o dáhùn, kì í ṣe èmi.

Ní ti owó, tẹ́lẹ̀, mo máa ń tọrọ ni, bí bàbá ṣe ń tọrọ lọ́wọ́ ọmọ, ìwọ náà á máa ní oṣù ò tíì parí. Ìyẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. N kò ní tọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ mọ́ láyé mi. Ọ̀gá ni ọ́, òṣìṣẹ́ ni mí, owó oṣù mi ni kí o fi ránṣẹ́. Fi ti gọ́ọ̀mù àti sáńpépà sí i, ayùn tuntun kan, ti gíláàsì kejì Télọ̀, torí òun náà ṣiṣẹ́ fún ọ létí títì, àti ti ìpara màmá rẹ. Owó ọdún orúkọ, ìwọ ni kí o máa san án, n kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

Ọlọ́run á fún ọ ní oníbàárà tó ń sanwó kó tó jókòó. Orúkọ tí mo gbé lé ọ lọ́wọ́ kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n kí ó tó tó àsìkò, ìwọ náà á rí ọmọ tí yóò máa dá ọ lóhùn bí o ṣe ń dá mi lóhùn, kí o lè mọ̀ ọ́n lára. Ilé rẹ kò ní jò mọ́. Bí o bá sì ráyè, wá wo ṣọ́ọ̀bù rẹ, kí o wá mọ ẹni tó ń bá ọ ṣiṣẹ́. Àgbàlagbà ni, ó máa ń pẹ́ dé, ó máa ń tutọ́ sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bí o bá fẹ́ lé e, kí o fún un ní oúnjẹ ná.

Èmi ni,
Káfíńtà rẹ,
tó tún jẹ́ bàbá rẹ.